Ọ̀nà mẹ́rin láàárín igi redwood ní Kalifọ́níà: èwo ló bá yín mu?

Tí àlejò bá ti Nàìjíríà dé bá àwọn ará wa tó ń gbé ní Oakland tàbí San Francisco, tó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí igi redwood, Muir Woods ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Ó súnmọ́lé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018, èèyàn ò lè ṣàdédé wa mọ́tò débẹ̀ mọ́: ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè ìgbọ́kọ̀sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, owó ìwọlé sì tún wà lọ́tọ̀. Ẹ ó dé inú igbó tán, èrò á máa gbún ara wọn nígbọ̀nwọ́ lórí ọ̀nà ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá lè sun oorun ọjọ́ kan tàbí méjì níta, kí ẹ kọrí sí àríwá, àwọn ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àárín igbó gan-an ni títì gbà kọjá. Odò á wà lápá kan, igi tó ga tó ilé alájà ọgbọ̀n á wà lápá kejì, ẹnikẹ́ni ò sì ní dá yín dúró gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: Avenue of the Giants, Newton B. Drury Scenic Parkway, Howland Hill Road, àti títì 128 níbi tó ti ń bá odò Navarro rìn. Gbogbo wọn ló kúrú. Èyí tó gùn jù fi díẹ̀ ju máìlì 31 lọ, àwọn mẹ́ta yòókù sì wà ní nǹkan bíi máìlì 10 tàbí 11. Àtidébẹ̀ ló ń jẹ ọjọ́ èèyàn.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mi ò fi ẹwà ṣe òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, nítorí kò sí èyí tó burẹ́wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Odò ni mo kọ́kọ́ wò. Nígbà tí odò bá kún lákòókò òjò, ó máa ń da ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí rẹ̀, orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni redwood ti máa ń ga jù lọ. Àwọn tó la ọ̀nà láyé àtijọ́ náà ò fẹ́ gun òkè. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí odò yẹn náà ni wọ́n tọ̀. Bí ọ̀nà, odò àti igi ńlá ṣe pàdé lójú kan nìyẹn. Odò kan náà yìí ló sì lè bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà òtútù ló ń rọ̀. Nítorí náà, oṣù tí ẹ fẹ́ lọ ti yan ìdajì ọ̀nà fún yín kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun.

Lẹ́yìn odò, mo wo irú ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà náà àti ohun tí ẹ ó ṣe tí ọkọ̀ bá dákú. Mo wo orúnkún àwọn tó wà nínú ọkọ̀: ṣé màmá tó ń fọ̀pá rìn lè sọ̀kalẹ̀ kó fọwọ́ kan igi, àbí ojú fèrèsé ló ti máa wò ó? Mo wo owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Epo àti ibùsùn ló ń gbówó. Èyí tó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí igbó. Nínú gbogbo igbó redwood àbáláyé tó wà kí àwọn agégẹdú tó dé, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Àwọn igbó kan wà tó jẹ́ pé ohun tó tún hù lẹ́yìn àáké lẹ ó rí níbẹ̀. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sun epo dé ibẹ̀.

Avenue of the Giants, títì 254

Bí ẹnì kan bá bi mí láìsọ nǹkan mìíràn, ọ̀nà yìí ni mo máa dárúkọ. Ó gbéra ní Phillipsville, ó gba Miranda, Myers Flat, Weott àti Redcrest, títí dé ìhà Pepperwood, ó sì ń bá odò Eel àti ẹ̀ka gúúsù rẹ̀ rìn. Òun gan-an ni títì 101 àtijọ́. Nígbà tí ìjọba la ọ̀nà márosẹ̀ tuntun tí ọkọ̀ àjàgbé ń sáré gbà lónìí, wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò kánjú. Ohun tó mú kí n máa dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: 101 ò jìnnà sí i rárá. Ẹ lè bọ́ sórí 254 ní Myers Flat kí ẹ kúrò lórí rẹ̀ ní Weott. Tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tàbí tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ẹ ò há sínú igbó.

Láti San Francisco, ẹ fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sọ́kàn kí ẹ tó dé ẹnu rẹ̀ ti gúúsù. Ẹni tó bá ti Eureka bọ̀ ò ní lò tó wákàtí kan. Gbogbo rẹ̀ ló lọ́dà, ọkọ̀ èyíkéyìí ló sì lè gbà á, títí kan àwọn ọkọ̀ ràgàjì tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV.

Orí ọ̀nà yìí lẹ ó ti mọ bí igi wọ̀nyí ṣe bọ́ lọ́wọ́ àáké. Ní 1918 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Save the Redwoods League sílẹ̀, nígbà tí àwọn agégẹdú ń fi igi tó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún lókè eèpẹ̀ ṣe òpó ọgbà àjàrà àti igi abẹ́ ojú irin. Ẹgbẹ́ náà ń dáwó, wọ́n ń ra igbó ní abala-abala, wọ́n sì ń gbé e lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí orúkọ èèyàn lára pátákó káàkiri: olówó tó dáwó ni, tàbí ẹni tí wọ́n fi ìdáwó náà ṣe ìrántí rẹ̀. Láti 1921 ni Humboldt Redwoods State Park, páàkì tí ọ̀nà yìí là kọjá, ti wà. Ó ti lé ní 50,000 eékà báyìí, nǹkan bíi 17,000 nínú rẹ̀ ò sì rí àáké rí. John D. Rockefeller ọmọ fi mílíọ̀nù méjì dọ́là kún owó tí wọ́n fi ra igbó etí Bull Creek lọ́wọ́ iléeṣẹ́ pákó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Igbó yẹn ló ń jẹ́ Rockefeller Forest lónìí, kò sì sí ibòmíràn láyé tí redwood àbáláyé ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Kalifọ́níà náà ò kẹ́yìn. Wọ́n ra tiwọn, wọ́n sì ní kí Julia Morgan, ayàwòrán ilé, ṣe ààrò olókùúta kan síbẹ̀ tó ní ojú mẹ́rin. Ààrò náà ṣì wà. Ẹ lè gbé abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù yín jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tábìlì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, odò ò sì jìnnà.

Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ máa dúró, kó jẹ́ Founders Grove. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì máìlì, ó tẹ́jú, àgbàlagbà lè rọra yí i ká. Ibẹ̀ ni igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dyerville Giant dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tó wà lóòró, ó ga ju 360 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Lóṣù Kẹta ọdún 1991, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ gan-an, igi kan wó lu òmíràn, ìyẹn wá fara ti Dyerville Giant, nígbà tó yá gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè rò pé ọkọ̀ ojú irin ló ṣubú. Ẹ lọ dúró síbi gbòǹgbò rẹ̀ tó hú jáde. Ó ga ju èèyàn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò sí olórí gbòǹgbò tó gún sísàlẹ̀. Òkè-òkè ni gbòǹgbò redwood máa ń wà, á tàn káàkiri, á sì di ti aládùúgbò rẹ̀ mú. Ẹ wá fẹsẹ̀ rìn láti ibi gbòǹgbò yẹn dé orí igi náà. Ẹ ó ti máa retí pé ó ti tán, kò tíì tán. Àwọn igi kéékèèké àti ewéko ti hù sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Weott, ẹ wá òpó kan létí títì tí wọ́n fi àmì sí lára. Ibi tí odò Eel dé lóṣù Kejìlá 1964 nìyẹn, ẹ sì máa gbé orí sókè gidi kí ẹ tó rí i. Omíyalé 1955 ti kọ́kọ́ da ìlú náà rú; ti 1964 wá gbá èyí tó kù lọ, àwọn tí kò fẹ́ kúrò lágbègbè náà sì lọ kọ́ ilé sórí òkè. Nínú oṣù Kẹjọ, ẹ ó wo odò kan náà tó rọra ń ṣàn lórí òkúta, tí ọmọdé ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ò ní gbà pé òun ló ṣe é.

Ní ti wíwẹ̀: kò sí èyí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ti ibí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú tí omi sì ti fà, èèhọ̀n onímájèlé kan máa ń yọ nínú Eel. Ó ti pa ajá. Ẹ ka ìkìlọ̀ tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ pátákó etí odò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé mu omi náà tàbí kó máa fọwọ́ kó ohun tó léfòó.

Àléébù rẹ̀ kò ṣòro rí. Láwọn ibì kan, ariwo ọkọ̀ 101 á máa ta sí yín létí. Láàárín igbó kan sí èkejì, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni, wọ́n ń ta béárì onígi àti àwọn nǹkan àlejò. Igi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí kí mọ́tò máa gbà kọjá wà ní Myers Flat. Ti aládàáni ni, owó ni wọ́n ń gbà, èmi ò sì rí ohun tó wà níbẹ̀ ju fọ́tò lọ. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n máa ń sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn lójú ọ̀nà yìí, wọn a sì dí apá kan rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá sì fẹ́ wọ Rockefeller Forest, Mattole Road lẹ máa yà sí, ọ̀nà tóóró tí igi fún mọ́ lápá méjèèjì. Ọkọ̀ kékeré ni kí ẹ gbé wọ ibẹ̀.

Owó rẹ̀ wà ní ìwọ̀nba. Ibi tí ìjọba ti gbà kí èèyàn pàgọ́, bíi Burlington lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àlejò páàkì náà, jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 35 lóru kan, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú tó bá jẹ́ ìgbà ìsinmi ọmọ iléèwé. Ẹ rọ epo ní Ukiah, ẹ sì gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kọjá Garberville, nítorí nẹ́tíwọ̀kì á máa wá, á máa lọ.

Howland Hill Road

Èyí ló wà ní òdìkejì pátápátá, òun náà ló sì wọ̀ mí lára jù. Láti ẹ̀yìn Crescent City ló ti wọ inú Jedediah Smith Redwoods State Park, ó sì já sí ìhà Hiouchi nítòsí títì 199. Nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ó ju ìdajì lọ tí kò lọ́dà. Ọ̀nà ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni láyé àtijọ́. Wọn ò gé igi kúrò kí wọ́n tó là á. Ọ̀nà ló ń yà fún igi. Ibì kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ẹ ó kan èèpo redwood ní apá ọ̀tún, dígí ọkọ̀ yín ti apá òsì ò sì ní fi ìka mẹ́rin jìnnà sí òmíràn. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, ẹnì kan máa padà sẹ́yìn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì níbí. RV àti ọkọ̀ tó ń fa àgọ́ lẹ́yìn ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè gbà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ bá lè fara da kòtò àti eruku. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ háyà ni, ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí kò lọ́dà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni, igi lè wó dínà, wọ́n sì lè tì í. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ti San Francisco wá síbẹ̀ lóṣù Kìíní láìpe iléeṣẹ́ páàkì kọ́kọ́.

Odò ibẹ̀ ni Smith River, odò ńlá tí kò ní ìdídò lójú rẹ̀, àwọ̀ omi rẹ̀ ewé-tútù, ó mọ́ gaara débi pé ẹ ó máa ka òkúta ìsàlẹ̀. Ó tutù o. Àwọn tó bá wẹ̀ nínú Eel á fò sókè tí wọ́n bá ki ẹsẹ̀ bọ ti ibí.

Stout Grove ni ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí. Ilẹ̀ rẹ̀ ò ju 44 eékà, opó agégẹdú kan ló fi í tọrẹ ní 1929 ní ìrántí ọkọ rẹ̀. Ohun tó mú kó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ igbó redwood yòókù ni pé Smith River máa ń kún wọ inú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí àwọn igi mìíràn ráyè dàgbà lábẹ́ àwọn ńlá. Redwood ní tirẹ̀ lè fara da ẹrẹ̀ tó ń bò ó mọ́lẹ̀, nítorí á kàn tún ta gbòǹgbò tuntun jáde sókè ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìdí igi kọ̀ọ̀kan láìsí ohun tó dí i, ewéko kúkúrú nìkan ló tẹ́ sílẹ̀. Ó dára jù ní ọ̀sán tó ń re alẹ́, nígbà tí oòrùn bá gba ìhà odò wọlé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ẹ ó sì tún gùn ún padà; ẹni tí orúnkún ń dùn á mọ̀ ọ́n lára.

Grove of Titans náà wà lójú ọ̀nà yìí. Nígbà tí ìròyìn àwọn igi ibẹ̀ tàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn ń tẹ gbòǹgbò wọn mọ́lẹ̀ títí ewéko ìdí wọn fi kú. Ní báyìí, wọ́n ti ṣe afárá onírin gígùn tí ẹ ó máa rìn lórí rẹ̀, gbòǹgbò á sì máa mí lábẹ́. Ẹ tètè dé, ibi ìgbọ́kọ̀sí ò pọ̀ rárá.

Jíjìnnà ni ìṣòro tó kù. Láti San Francisco, odindi ọjọ́ kan ló fi ń lọ, àti pé láàárín Klamath àti Crescent City, títì 101 ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, Last Chance Grade lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ kí apá kan kọjá kí apá kejì tó kọjá. Àwọn ará wa tó wà ní Portland tàbí ibòmíràn ní Oregon ló rọ̀ lọ́rùn jù fún: láti Grants Pass, títì 199 á gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà yìí ní nǹkan bíi wákàtí méjì, Smith River á sì máa bá wọn sọ̀kalẹ̀ ní apá tó kẹ́yìn.

Tí ẹ bá gbé RV dání, tí ọkàn yín sì wà ní Stout Grove, ọgbọ́n kan wà. Ẹ pàgọ́ sí ibùdó Jedediah Smith tó wà létí títì 199. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ la odò kọjá láti ibẹ̀ sí Stout Grove. Ẹ ò ní nílò láti wa ọkọ̀ kankan.

Newton B. Drury Scenic Parkway

Orúkọ ẹni tó ṣe olórí iléeṣẹ́ páàkì ìjọba àpapọ̀ láti 1940 sí 1951 ni wọ́n fi pè é. Máìlì mẹ́wàá, ọ̀dà dán, ó yà kúrò lára 101 ní àríwá Orick, ó sì padà bá a ní gúúsù Klamath. Wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ àjàgbé gbà á, nítorí náà ó parọ́rọ́ ju Avenue lọ, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú rẹ̀. Igi àbáláyé ló kún ibẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn rárá, tàbí tó wà lórí àga onítáyà, ọ̀nà yìí ni kí ẹ gbé e lọ: láti ibi ìgbọ́kọ̀sí Big Tree, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù kó dé ìdí igi ńlá kan.

Àwọn elk, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, máa ń jẹko ní pápá ẹnu ọ̀nà gúúsù. Ẹ má súnmọ́ wọn nítorí fọ́tò. Akọ wọn a máa le èèyàn nígbà gígùn, ìyá wọn a sì máa le èèyàn nígbà tó bá ní ọmọ.

Odò ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Odò kékeré kan, Prairie Creek, ló ń bá títì rìn, kò sì ṣeé wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi máìlì díẹ̀ kún un sí àríwá, ẹ ó dé etí odò Klamath, ní ilẹ̀ àwọn Yurok, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà àtayébáyé, níbi tí wọ́n ti jà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi wó ìdídò mẹ́rin lójú odò náà. Ní 2024 ni iṣẹ́ ọ̀hún parí. Ẹ mú súwẹ́tà dání kódà lóṣù Keje. Kùrukùru òkun ló ń bọ́ àwọn igi yẹn lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò ò rọ̀, á sì wọ ẹ̀yin náà lára.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí: ṣé ìhà ibẹ̀ ni igi tó ga jù láyé wà? Bẹ́ẹ̀ ni, Hyperion lorúkọ rẹ̀, inú Redwood National Park ló wà, wọ́n rí i ní 2006, ó sì ga tó mítà 115. Ẹ má wá a lọ. Láti 2022 ni wọ́n ti ti àyíká rẹ̀ pa. Ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀ lè san tó 5,000 dọ́là, ó sì lè lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Kò sì sí ọ̀nà tí ẹ ó gbà mọ̀ láti ìdí rẹ̀ pé òun ló ga jù.

Ohun kan tó kù: láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Karùn-ún, wọ́n máa ń ti ọ̀nà yìí mọ́ ọkọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lè gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ á bínú; ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ á yọ̀.

Títì 128, etí odò Navarro

Èyí ló súnmọ́ San Francisco jù, wákàtí mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé. Ẹ yà kúrò lórí 101 ní Cloverdale, ẹ gba Boonville, ẹ la oko àjàrà kọjá, lẹ́yìn náà ni títì á wọ abẹ́ igi ní nǹkan bíi máìlì 11 tó gbẹ̀yìn, odò Navarro lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí ẹ fi máa bọ́ sí Òkun Pàsífíìkì lójijì. Ìyípadà yẹn, láti inú òkùnkùn igi sí ìmọ́lẹ̀ òkun, kò sí nínú àwọn mẹ́ta yòókù.

Ṣùgbọ́n igi tó tún hù ni èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Àwọn agégẹdú ti kó ti àbáláyé lọ. Tí ẹ bá fẹ́ rí àgbà igi, ẹ yà sí Hendy Woods ní ìtòsí Philo, nǹkan bíi dọ́là mẹ́jọ ni owó ọkọ̀. Láàárín Cloverdale àti Boonville, ọ̀nà náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ débi pé ẹni tí mọ́tò máa ń kọ̀ lára á bì. Ẹ gbé ọ̀rá dání. Nígbà òtútù, iyanrìn òkun máa ń dí ẹnu odò Navarro, omi á padà sẹ́yìn, á sì bo títì. Wọ́n á tì í, nígbà mìíràn fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ta ló yẹ kó gba èwo?

Ẹni tó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, tó gbé òbí àti ọmọ dání, tó sì ti San Francisco tàbí Sacramento gbéra, kó gba Avenue of the Giants, kó sùn sí Garberville tàbí Fortuna. Kó má gbìyànjú láti gba gbogbo rẹ̀ tán. Founders Grove, ibi ààrò Julia Morgan àti etí odò ti tó ọjọ́ kan.

Ẹni tó ti rí Avenue rí, tàbí tó jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ló ń wá, tí ọkọ̀ rẹ̀ kéré, tí ara rẹ̀ sì le, kó máa lọ sí Howland Hill láàárín oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án. Ó yẹ kó sùn oorun ọjọ́ méjì ní Crescent City, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ọkọ̀ ló ti máa lo ìsinmi náà tán.

Àwọn tó bá ń ti Eureka lọ sí Oregon lórí 101, kí wọ́n yà sórí Drury ṣá ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi kún ìrìn wọn. Títì 128 wà fún ẹni tó jẹ́ pé òkun ló fẹ́ lọ wò tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ kí igbó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì ti retí rẹ̀ ní Mendocino kí alẹ́ tó lẹ́.

Tó bá sì jẹ́ pé oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì nìkan ni iṣẹ́ gbà yín láàyè, ẹ yọ 128 àti Howland Hill kúrò, kó ku Avenue àti Drury. Ẹ yẹ ipò ojú ọ̀nà wò lórí ìkànnì Caltrans, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó títì ní Kalifọ́níà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra, kí ẹ tún un yẹ̀ wò ní Ukiah níbi tí ẹ ti ń rọ epo. Tí wọ́n bá ti sọ pé odò Eel ti ń kún, ilé ìtura wà ní Ukiah. Ẹ sùn síbẹ̀.